Sewanu Tó Ń Fọwọ́ sí Iṣẹ́ Ara Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ràn Sewanu nígbà ayé rẹ̀, ẹ bi í pé kí ló ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún méje gbáko ni mo fi kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo kórìíra ìrìn rẹ̀, mo kórìíra bó ṣe máa ń ki púláyà tó fi ń gé wáyà bọ àpò ẹ̀yìn bí ọlọ́pàá tó gbé kóńdó. Nígbà tó kú, àwọn tó máa ń yà fún un lójú ọ̀nà ló kọ́kọ́ débi òkú, tí wọ́n ń nu ojú gbígbẹ, tí wọ́n ń ní èèyàn dáadáa ló lọ. Irọ́ ni. Kì í ṣe èèyàn dáadáa. Olóòótọ́ èèyàn ni, ìyẹn sì yàtọ̀. Èmi tí mo bá a jà ni mo mọ ìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àwọn ẹlẹ́nu dídùn tó fi oyin ra á.

Mùsílíù lorúkọ mi. Àwórì ni mí, láti ìhà Òjó, iṣẹ́ iná ẹlẹ́tíríìkì ló sì gbé mi dé Badagry nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí. Ègùn ni Sewanu. Gberefu ni wọ́n bí i sí, lórí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Òkun gbé bàbá rẹ̀ lọ nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ ló ń fún òróró àgbọn tà, tó fi rán an lọ sílé ìwé. Láti ilé ìwé ó bọ́ sí Èkó, ó kọ́ṣẹ́ iná níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ṣe ìdánwò àwọn òyìnbó, ó yege, wọ́n fún un ní láísẹ́ǹsì tí òǹtẹ̀ adé wà lórí rẹ̀. Ó fi dígí bo láísẹ́ǹsì náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ níbi tí àwọn ẹlòmíì ń gbé àwòrán bàbá wọn kọ́ sí.

Ohun tí láísẹ́ǹsì yẹn lè ṣe nìyí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì iná dé etí ọ̀sà wa, òfin ni pé wọn ò ní so iná mọ́ ilé kankan àfi kí ìwé ẹ̀rí kọ́kọ́ wà pé wọ́n ti dán wáyà inú ilé náà wò, tó sì dára. Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ilé náà, á dán iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, á fọwọ́ sí i, ó parí. Ẹni tí kò ní, bí èmi àtàwọn mẹ́ta yòókù tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílùú, á ṣiṣẹ́ tán, á wá lọ máa bẹ ẹni tó ní kó wá bá òun dán an wò. Láti Badagry títí dé Gbaji, Sewanu nìkan ló ní in.

Sewanu ò sì ní bá ẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà, kódà bí a bá gbé adìyẹ lọ bá a: "Tí kì í bá ṣe èmi ni mo fa wáyà, èmi kọ́ ni mo máa kọ orúkọ." Nísàlẹ̀ ìwé ẹ̀rí yẹn, ìlà kan wà tó ní, *Mo jẹ́rìí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ó sì dára.* Ìlà kejì wà fún ẹni tó bá dán iṣẹ́ ẹlòmíì wò. Sewanu máa ń fi rúlà fa ìlà kejì yẹn rẹ́ kó tó kọ nǹkan kan sórí ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà láti wá wo iṣẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló sì da àárín wa rú.

Bàbá Ìgè ló fà á. Àgbà mùsùlùmí ni ní Apa, onílẹ̀ ni, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù. Ó gbé iṣẹ́ ilé oníyàrá mẹ́fà fún mi, mo sì fi gbogbo ọgbọ́n mi ṣe é. Ẹni tó bá ń gbé etí òkun mọ̀ pé iyọ̀ inú atẹ́gùn kì í jẹ́ kí idẹ sinmi. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, sukúrù tó ń dán á ti pa àwọ̀ dà bí ewé, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọgbọ́n tiwa sí i ni pé a máa ń fi òróró àgbọn pa ojú sukúrù ká tó dé súwíìṣì. Kò sí ilé tí wọn ò ti ń fi òróró àgbọn pa nǹkan: àgádágodo, ọ̀bẹ, ìwọ̀ ẹja, abẹ́rẹ́ àwọ̀n. Kí ló wá dé tí a ò ní fi pa sukúrù? Bàbá Ìgè fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Sewanu, nítorí náà kò lè kọ̀.

Ó dé pẹ̀lú àpótí dúdú tó fi ń dán wáyà wò, èyí tó ní apá kan tí wọ́n ń yí bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó yí i ní yàrá kìíní, ó dára. Ó yí i ní yàrá kejì, ó dára. Inú mi ti ń dùn. Ló bá dúró, ó gbóòórùn nǹkan kan. Ó tú súwíìṣì yàrá kẹta, ó gbé e sí imú, ó sì rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín rí tẹ́lẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "ẹ wá wo oúnjẹ tí Mùsílíù sè fún èèrà."

Èèrà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n pọ̀. Ó gbọn súwíìṣì náà sórí ẹní Bàbá Ìgè, èèrà ń dà sílẹ̀ bí ẹni ń gbọn àpò gaàrí. Ó ní òróró á kàn, èèrà á wọlé, òkú èèrà á dí àárín bàbà méjì, iná á máa ta níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí pákó ẹ̀yìn rẹ̀ á fi jó. "Ẹ̀yin á sì wà lórí ẹní yín, ẹ ò ní mọ̀."

Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Mo ní, "Sewanu, ṣé o ò lè pè mí sẹ́yìn kó o bá mi sọ ọ́?"

Ó ní, "Iná kì í pe èèyàn sẹ́yìn."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé màá nu gbogbo rẹ̀, kó ṣáà padà wá fọwọ́ sí i. Ó wo ojú mi níwájú onílé, níwájú àwọn ìyàwó onílé, ó ní, "Mo fi ìyá mi búra, mi ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ láéláé." Bàbá Ìgè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, ó gbé e fún un. Ẹ gbọ́ èyí tó tún ṣe. Nígbà tó fa gbogbo wáyà mi yọ, ó ká a, ó dì í dáadáa, ó sì gbé e wá síwájú ilé mi, kí n má bàa sọ pé òun jí nǹkan mi. Àwọn aládùúgbò ń wò. Ìyàwó mi, Tọ̀yìbátù, wo wáyà náà, ó ní, "Òótọ́ ló sọ, ẹnu rẹ̀ ló kàn burú." Mi ò jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, tí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, màá tutọ́ sílẹ̀. Òun náà á tu tirẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Sewanu kọ́lé fún ìyá rẹ̀ ní ìlú, nítòsí ọ̀sà, ó sì kó o kúrò ní Gberefu. Òun ló fa wáyà ilé náà, òun ló dán an wò, òun ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó wá kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ara ògiri. Ìyá náà ò fi òróró fífún sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilé tuntun ló gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá tó rọra ni, kékeré báyìí, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ràn mi. Mo máa ń fi ìwọ̀nba Ègùn tí mo gbọ́ kí i, á rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń pè é, á bu òróró sínú ìgò fún mi. Kò mọ̀ pé èmi àti ọmọ rẹ̀ ń jà. Sewanu kì í sọ̀rọ̀ nílé.

Ní ọjọ́ kan, Sewanu wà ní Èkó, iṣẹ́ kan ló gbé e lọ tó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Musi, *vi ṣie*," ó ní, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni mí, "nǹkan tí Sewanu kàn mọ́ ògiri yàrá mi, ó ti ń hu ewé o. Iná ń ṣẹ́jú sí mi. Tí mo bá sọ fún un, á ní mo fọwọ́ kàn án. O mọ bí ó ṣe máa ń pariwo. Kí ni kí n ṣe sí i?"

Ọ̀nà ilé rẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ǹ bá dìde, ǹ bá fi bébà tí wọ́n fi ń gbo ìpẹtà nu sukúrù náà, ó parí. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe kí tíì tó tutù ni. Mo jókòó. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òróró àgbọn nílé, ẹ tún ń bi mí?"

Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ò tiẹ̀ rò ó. Mo sọ bó ṣe máa ṣe é fún un: kó kọ́kọ́ fa irin ńlá ẹnu ọ̀nà wálẹ̀ kí iná kú ní gbogbo ilé, kó fi ẹnu ọ̀bẹ tú u, kó fi òróró pa á dáadáa, kó má ṣahun sí i. Mo sọ ti irin ńlá yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fẹ́ kí iná gbé e. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú fún ìgbà pípẹ́, pé mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo bá ní mi ò mọ ohun tí òróró máa ṣe, irọ́ ni mo ń pa. Mo ti rí èèrà lórí ẹní Bàbá Ìgè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo kó àwọn oníṣẹ́ mẹ́ta yòókù lẹ́yìn, a lọ bá ọkùnrin tó ń báni kọ̀wé nítòsí kọ́ọ̀tù. A ní kó kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì l'Ékòó. A ní ọkùnrin kan ń bẹ níbí tó ń ṣiṣẹ́, tó tún ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo ní kó fi òwe sí i, pé bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi náà ni mo ní kó fi kún un pé, ó fọwọ́ sí ilé ìyá tó bí i lọ́mọ pàápàá, kí ọ̀gá jọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù rò pé ọgbọ́n ẹnu ni. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa òróró. A fọwọ́ sí i, mo sì sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó rán Ọ̀gbẹ́ni Bọ́ládé wá. Ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lábẹ́ òyìnbó. Ṣòkòtò péńpé funfun, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún. Àpótí dúdú tirẹ̀ tóbi ju ti Sewanu lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló pe gbogbo wa sí iwájú ilé náà, àwa tí a pẹjọ́ àti ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Ó ka ẹ̀sùn náà sókè. Nígbà tó kan òwe ọ̀bẹ, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Sewanu ò rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ láísẹ́ǹsì rẹ̀ tòun ti dígí. Wọ́n ti ní kó mú un wá.

Bọ́ládé ní, "Mísítà Sewanu, bí mo bá rí àléébù kan nínú iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ sí fúnra yín, mo máa gba ìwé yẹn. Ṣé ó yé yín?"

"Ẹ wọlé," ni Sewanu wí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ náà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Wáyà tó gba ẹ̀yìn àjà kọjá tọ́ bí ìlà inú ìwé. Gbogbo orí sukúrù ló kọ ojú sí ibì kan náà. Irin tó rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, ó fi èédú àti iyọ̀ yí i ká kí iyanrìn lè máa tutù. Bọ́ládé ń yí apá àpótí rẹ̀, ó ń mi orí. Pálọ̀, ó dára. Yàrá Sewanu, ó dára. Àwọn mẹ́ta tí a jọ wá ti ń wo ojú ara wọn, ọ̀kan ti ń wá ọ̀nà àtilọ. Èmi ò wo ẹnikẹ́ni. Mo ń ka yàrá.

Yàrá ìyá ló kẹ́yìn. Bọ́ládé tú súwíìṣì, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Èèrà dà sí i lápá, wọ́n dà sórí ìbọ̀sẹ̀ funfun. Òórùn òróró kíkàn gba gbogbo yàrá. Nígbà tó yọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti dúdú, ó ti jó wọlé tó ìka méjì. Òkè rẹ̀ gan-an ni ọparun àjà wà.

Ariwo sọ. Bọ́ládé gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ó ní, "Ta ló fi òróró sí i?"

Mo rí ìyá náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ ní èjìká, ojú rẹ̀ ń lọ láti ara pákó sí ara ọmọ rẹ̀. Ó ya ẹnu. Èmi sún sẹ́yìn àwọn mẹ́ta tí a jọ wá. Sewanu ti gbé súwíìṣì náà sí imú bó ṣe ṣe ní Apa. Ó wo ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú, ó wò mí. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára mi. Ó mọ̀. Ta ló tún wà ní Badagry tó ń fi òróró pa sukúrù iná, tí kì í bá ṣe èmi àtàwọn èèyàn mi?

Ìyá bẹ̀rẹ̀, "Sewanu, èmi ni..."

Ó fi Ègùn dá a lóhùn, gbólóhùn kan péré, kò pariwo. Mo gbọ́ ọ. Ó ní kí ìyá òun lọ wo ohun tó ń bẹ lórí iná. Ìyá náà lọ.

Sewanu wá kọjú sí Bọ́ládé. "Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ẹ̀rí?"

"Tiyín."

"Kí ni ìlà ìsàlẹ̀ wí?"

Bọ́ládé kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti rí bí gbogbo ilé ṣe rí, ó sì rí ojú ìyá náà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mísítà Sewanu, bí ẹlòmíì bá tú u lẹ́yìn tí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ sọ fún mi. Ẹ dárúkọ ẹni náà, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì máa lọ. Láísẹ́ǹsì yín á wà lọ́wọ́ yín."

"Ó ní mo jẹ́rìí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí," ni Sewanu wí. "Iṣẹ́ mi ni. Kò dára. Ẹ kọ ọ́."

Ó fa láísẹ́ǹsì yọ kúrò lábẹ́ dígí, ó nà án sí i. Ọdún méjì ni wọ́n fi gbà á.

Ẹ wo ọgbọ́n wa. Àwa tí a lé ọ̀kan ṣoṣo tó lè fọwọ́ sí ìwé lọ, a rò pé iṣẹ́ á wá máa wọlé fún wa. Ṣé iṣẹ́ máa ń wọlé níbi tí iná ò ti lè tàn? Wọ́n ní ká máa retí ẹni tí wọ́n á máa rán wá láti Èkó. Nígbà míì oṣù mẹ́rin á kọjá, ilé á ti parí, wáyà á wà lára ògiri, onílé á sì tún máa ra kẹrosíìnì. Bàbá Ìgè rí mi lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà mọ́sálásí, ó ní, "Mùsílíù, ẹ mà ti gbẹ́ èkù ọ̀bẹ yín o." Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo kọjá.

Sewanu nìkan padà sí Gberefu, ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú ilé tó wà ní ìlú. Ó ń lọ sójú omi pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó ń fa àwọ̀n. Ẹni tó máa ń mú kí gbogbo sukúrù kọ ojú sí ibì kan náà, ó wá ń fi ọwọ́ kan náà ha ìpẹ́ ẹja. Mo rí i ní èbúté lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà. Mo rò pé mo lágbára láti sọ ọ́. Mo ní, "Sewanu, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..."

"Má bá mi sọ̀rọ̀."

"Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé..."

Ó gbé agbọ̀n ẹja sílẹ̀. Ó sún mọ́ mi débi pé mo gbóòórùn omi iyọ̀ lára rẹ̀. "Má rò pé nítorí rẹ ni mo fi dákẹ́," ló wí. "Bí mo bá ní ìyá mi ni, ọkùnrin yẹn á bi í pé ta ló kọ́ ọ. Á dárúkọ rẹ tẹ̀ríntẹ̀rín, torí ọ̀rẹ́ lo jẹ́ sí i. Á wá mọ̀ pé o fi ọwọ́ òun jà mí. Àgbàlagbà ni. Kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn kú. Tí o bá sọ fún un, màá pa ọ́, Mùsílíù. Kì í ṣe àwàdà." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó kọjá.

Mi ò sọ fún un. Ìyá náà ò mọ̀ títí dòní. Ó rò pé òróró òun ló ti kàn kí òun tó fi pa á. Ohun tó sì wá dé bá mi nìyẹn, torí kò jáwọ́ oore. Bó bá ti fún òróró tuntun, á gbé ìgò kan wá fún mi. "Musi, vi ṣie, èyí ò kàn o." Tọ̀yìbátù á gbà á, á kí i, á fi dín ẹja. Èmi á ní mi ò jẹ dídín mọ́, pé inú ń run mí. Ìyàwó mi wò mí títí, ó bi mí pé kí ni mo ṣe fún ìyá yìí. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó padà dé, ó ní òun padà nítorí àwọn ọmọ ni.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n dá láísẹ́ǹsì Sewanu padà. Kò rọ̀ sí i rárá. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni ilé ìyá rẹ̀. Ó tú gbogbo súwíìṣì, ó yí pákó dúdú yẹn padà, ó dán an wò, ó kọ ìwé ẹ̀rí tuntun. Ó ṣì ń fa ìlà kejì rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó sì ń tutọ́ tó bá rí mi. Èmi ni mi ò tutọ́ mọ́. Ibà ló pa á, ọ̀sẹ̀ kan péré, ní ọdún tó ṣáájú òmìnira. Èmi náà lọ síbi òkú. Mo jókòó lẹ́yìn, mi ò sọ pé èèyàn dáadáa ni. Ìyá rẹ̀ rí mi, ó sì fi orí lé mi léjìká sunkún.

Ní ọdún yẹn náà ni mo yege ìdánwò, lẹ́ẹ̀kẹta tí mo ṣe é, wọ́n fún mi ní láísẹ́ǹsì tèmi. Ilé tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ilé ara mi. Mi ò fi òróró sí i. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó dára, mo jókòó sórí àpótí, mo gbé ìwé ẹ̀rí lé orúnkún. Mo débi ìlà ìsàlẹ̀, *Mo jẹ́rìí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí*, ọwọ́ mi sì kọ̀ láti kọ̀wé. Tọ̀yìbátù ní kí ló ń ṣe mí, ṣé mo ti gbàgbé orúkọ ara mi ni.

Mi ò gbàgbé. Mo ń rántí iṣẹ́ ọwọ́ mi kan tó wà ní yàrá ìyá àgbà kan nítòsí ọ̀sà, èyí tí mo ṣe lórí ìjókòó láì gbé púláyà. Ọkùnrin tó fi ìyá rẹ̀ búra níwájú gbogbo ilé Bàbá Ìgè pé òun ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ mi láéláé, òun ló fọwọ́ sí i, lọ́jọ́ tó sọ fún Bọ́ládé pé iṣẹ́ òun ni.